Afẹ́fẹ́ tó kù nínú tánkì

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fọkanáísà ni mo ń kọ́ ní Gáréèjì Ọ̀fà, nílùú Ìlọrin. Tánkì ẹ̀rọ wa ò gbà ju lítà 100 lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti kún dé 105 lórí géèjì, kódà kí epo tán nínú ẹ̀rọ, a ṣì máa fẹ́ táyà mọ́tò bíi méje sí mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà géèjì á ṣì wà ní 30, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ò ní wọ táyà dáadáa mọ́. Ṣé èyí tó kù ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́ o, ọmọ mi. Ó dáa tó o ń wojú géèjì. Àwọn ọ̀gá mìíràn kì í wò ó.

Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Robert Boyle, ará Ireland, ló tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1662. Ó da mẹ́kúrì sínú ọ̀pá gíláàsì tó tẹ̀ bí ìkọ́, tí ẹnu rẹ̀ kan dí. Nígbà tí agbára tó ń tẹ afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ di ìlọ́po méjì, àyè tí afẹ́fẹ́ náà gbà dín kù sí ìdajì.

Géèjì ló ń rú ọ lójú: agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì (ní psi) ló ń kà, kì í ṣe lítà. Bó bá wà ní òdo, tánkì ò ṣófo: afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ń tì tó nǹkan bíi 15, géèjì ò kàn kà á ni. Nítorí náà 120 ni 105 yín, ìlọ́po mẹ́jọ ti ìta. Afẹ́fẹ́ ìta lítà 800 lẹ fún mọ́ inú lítà 100! Ká ní táyà kan gba lítà 30, tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ dé 30: 45 nìyẹn, ìlọ́po mẹ́ta, lítà 90. Lítà 30 ti wà nínú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, 60 lẹ máa fi kún un. Bí tánkì bá wá rọ̀ dé 30, afẹ́fẹ́ lítà 300 ṣì wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n bí tánkì ṣe ń tì ni táyà náà ń tì padà. Wọ́n ta ọ̀mì. Lítà 500 tó ti jáde, pín in ní 60-60: táyà mẹ́jọ àti díẹ̀.

Ìṣirò yìí ò yẹ̀ bí ooru ò bá yí padà. O mọ bí páìpù tó ti orí ẹ̀rọ wọ tánkì ṣe ń jóni. Fífún tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ló ń gbóná bẹ́ẹ̀. Bó bá tutù, géèjì á wálẹ̀ díẹ̀ láìjò, nítorí náà má tíì sáré po omi ọṣẹ.

Omi tó máa ń kóra jọ sí ìdí tánkì ńkọ́? Bó bá ti gba lítà 20, 80 ló kù fún afẹ́fẹ́, táyà mẹ́fà lẹ máa rí fẹ́ dáadáa. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ dà á nù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí géèjì wálẹ̀ dé òdo.