Ṣé kí n yáwó lọ ṣe másítà?

Àbúrò mi, o ní iṣẹ́ tíṣà tí ò ń ṣe l'Ákùúrẹ́ ò mówó gidi wá, o sì ń ronú àtiyáwó lọ ṣe másítà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Èmi náà yá a rí o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibiṣẹ́ wa ló yá mi, odindi ọdún méjì ni wọ́n fi yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Mo ṣì rántí ọjọ́ tí mo ka ìwé owó oṣù lórí ọ̀kadà lọ́nà Ọ̀bà-Ilé: ohun tó ṣẹ́kù ò lè ra àpò gààrí kan. Díẹ̀ ló kù kí n jábọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀, torí iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni mò ń lé, wọn kì í sì í sábà gbé e fún ẹni tí ò ní másítà. Ìwọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ iléèwé aládàáni yẹn náà lo máa padà sí, bi ọ̀gá rẹ pé èló ni wọ́n máa fi kún owó rẹ. Bó bá kàn rẹ́rìn-ín, o ti gbọ́ èsì nìyẹn.

Má gbójú lé NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Lóòótọ́, kò ní èlé, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó máa yọ 10% nínú owó oṣù ẹni, àmọ́ àwọn tí ò tíì gba dìgírì àkọ́kọ́ ló wà fún. Tàwọn áàpù ayánilówó orí fóònù? Má tilẹ̀ dárúkọ wọn sí mi létí!

Kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ṣírò owó ìwádìí àti owó ọkọ̀ mọ́ owó iléèwé. Ibẹ̀ ló ti gbá mi mú.