Ṣé iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn gbangba ní Amẹ́ríkà lè kọ ẹlẹ́sìn mìíràn?

Rárá o, bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ajé. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964 kò gbà kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ẹ̀sìn yan ẹni tó máa gbà síṣẹ́ (ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní òfin tiwọn tó mú àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀). Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ náà ò gbọdọ̀ torí ẹ̀sìn lé oníbàárà. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti àjọ ẹlẹ́sìn ló láyè láti gba ẹlẹ́sìn tiwọn síṣẹ́.

Àmọ́ kéèyàn fi ẹ̀sìn hàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Chick-fil-A, iléeṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, kì í ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú. In-N-Out, iléeṣẹ́ tó ń ta bọ́gà, ń tọ́ka sí ẹsẹ Bíbélì lára ife rẹ̀. Kò sófin tó ní kí wọ́n má ṣe é.

Ibi tọ́rọ̀ ti le ni ẹjọ́ Hobby Lobby, iléeṣẹ́ tó ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọnà. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò pọn dandan kí ìbánigbófò tí iléeṣẹ́ náà ń san fún òṣìṣẹ́ kárí àwọn ìfètòsọ́mọbíbí tó tako ìgbàgbọ́ ìdílé tó ni ín. Lójú tèmi, awuyewuye ibẹ̀ tọ́: kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń ṣe ẹ̀sìn ọ̀gá.