Kọ̀ǹpútà Mọ́nógíráàmù Mi Ti Ń Kú Lọ: Ṣé Láísẹ́ǹsì Tí Mo Fowó Rà Á Bá A Lọ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Iṣẹ́ mọ́nógíráàmù ni mò ń ṣe ní Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya iṣẹ́ ọnà orí fìlà àti agbádá ti dàgbà, Windows XP ló wà nínú rẹ̀. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, déètì rẹ̀ á padà sẹ́yìn, sọ́fítíwíà á sì ní láísẹ́ǹsì kò dára mọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà kàn máa ń kú fúnra rẹ̀. Owó gidi ni mo fi ra sọ́fítíwíà yìí, dongle rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń ki sẹ́yìn ẹ̀rọ kí sọ́fítíwíà tó ṣí, ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó tà á fún mi ní àwọn kò ta irú rẹ̀ mọ́, àfi kí n máa sanwó tuntun lọ́dọọdún. Ọmọ tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n ra òmíràn, kí òun fi èyí tí wọ́n ti kíráàkì, ìyẹn tí wọ́n ti já láísẹ́ǹsì rẹ̀, sí i. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni format ẹ̀rọ yẹn (kó nu gbogbo inú rẹ̀ nù), ẹ má sì tíì ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ déètì ló rọrùn jù. Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó kan wà lórí motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́, CR2032 ni wọ́n ń pè é, òun ló ń bá ẹ̀rọ ka àkókò nígbà tí kò bá sí iná. Tiyín ti kú. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà oníláísẹ́ǹsì ló ń ṣọ́ aago: bó bá rí i pé ọjọ́ padà sẹ́yìn, á rò pé ẹnì kan fẹ́ fi ọgbọ́n jẹ ọjọ́ kún ọjọ́, á sì tilẹ̀kùn. Àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń ní bátìrì náà, kò sì wọ́n. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ tún déètì ṣe kí ẹ tó ṣí sọ́fítíwíà.

Ní ti kíkú tó ń kú fúnra rẹ̀, kì í sábà jẹ́ motherboard. Eruku tó dí fáànù, tàbí power pack (èyí tó ń pín iná fún inú ẹ̀rọ) tí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ àti gẹnẹrétọ̀ ti lù bolẹ̀, ni mo máa ń bá níbẹ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n gbọn eruku náà, kí wọ́n sì fi power pack mìíràn dán an wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá, iṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, màá dé ibẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé: kí ni wọ́n so láísẹ́ǹsì náà mọ́? Torí kì í ṣe inú CD ló wà. Wọ́n so ti àwọn kan mọ́ nọ́ńbà network card, ti àwọn kan mọ́ nọ́ńbà háàdì dísìkì, ti àwọn mìíràn mọ́ àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú dongle ni tiyín wà, ìyẹn sì dára fún yín. Kọ̀ǹpútà lè kú lónìí, bí dongle bá ṣì wà láàyè, láísẹ́ǹsì yín wà láàyè. Dongle ni ẹ máa tọ́jú bí ẹyin. Bó bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń gba èyí tó bàjẹ́ kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò. Bó bá sọnù, ọ̀pọ̀ wọn á ní kí ẹ ra sọ́fítíwíà náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ láti gbé e lọ síbì kankan.

Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ni pé kí wọ́n da odindi háàdì dísìkì náà kọ sórí òmíràn. Clonezilla ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Bí háàdì náà bá ti ń kùn tàbí tó ń há, ddrescue ni kí wọ́n lò. Kíkó fáìlì nìkan kò tó, torí sọ́fítíwíà ti fi nǹkan pamọ́ káàkiri inú Windows, àwọn nǹkan yẹn kì í bá fáìlì lọ. Ẹ sì kó iṣẹ́ ọnà yín pamọ́ lọ́tọ̀, ní irú fáìlì méjèèjì: èyí tí sọ́fítíwíà yín ń lò gan-an, àti DST. DST, tó ti ọ̀dọ̀ Tajima ti Jàpáánì wá, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù ló ń kà á, Ink/Stitch, sọ́fítíwíà mọ́nógíráàmù tó jẹ́ ọ̀fẹ́, náà ń ṣí i. Àmọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gún ló mọ̀, kò mọ àwọ̀ òwú. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ sọ orúkọ ara fìlà di ńlá, inú fáìlì tí sọ́fítíwíà yín ń lò gan-an lẹ ti máa rí i ṣe dáadáa.

Bó bá wá di pé motherboard ló kú lóòótọ́, ohun tí mo fara mọ́ jù ni kí ẹ wá tòkunbọ̀ tó jẹ́ irú kan náà gẹ́lẹ́ ní Computer Village, Ìkẹjà: orúkọ kan náà, nọ́ńbà model kan náà, tí sítíkà Windows XP tirẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ki háàdì yín sí i, ẹ fi dongle sẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Bí agbára bá wà, ẹ rà á nísinsìnyí kí ẹ gbé e pamọ́, torí wọn kì í pẹ́ tán lọ́jà.

Bí ẹ̀rọ tuntun ló bá wù yín, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò ná. Dongle tó jẹ́ USB kò le. Èyí tó fẹ̀, tó wọ ojú printer àtijọ́, ló nira. Wáyà tó ń sọ ojú yẹn di USB, printer ni wọ́n ṣe é fún, dongle kì í sábà gbọ́ tirẹ̀. Káàdì PCI Express tó ní ojú printer àtijọ́ yẹn, tí wọ́n ń ki sínú ẹ̀rọ, ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá kọ HASP sára dongle, kí wọ́n má wá Aladdin tó ṣe é mọ́. SafeNet ló gba Aladdin, Gemalto ra SafeNet ní 2015, Thales ra Gemalto ní 2019. Lọ́dọ̀ Thales ni driver, sọ́fítíwíà kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dá dongle mọ̀, wà. Wọ́n tún lè fi VirtualBox gbé XP yín sínú Windows tuntun bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àwọn dongle kan máa ń kọ̀ ọ́, XP náà sì lè ní kí ẹ tún òun activate, ìyẹn kí Microsoft tún fọwọ́ sí i. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Ibi yòówù kí XP wà, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

Ti kíráàkì yẹn, ẹ má gbà. Ẹ ti sanwó ohun yín, ẹ̀tọ́ yín ni, kí ló dé tí ẹ ó fi wá di ẹni tó ń lo ti olè? Kíráàkì máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà sì dáàbò bo sọ́fítíwíà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kó jẹ́ ní kíkọ, kì í ṣe orí fóònù. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń tà á. Ẹ bi wọ́n pé ẹ̀dà wo ló kẹ́yìn tí dongle yín lè ṣí, pé kí wọ́n fi driver rẹ̀ àti CD rẹ̀ ránṣẹ́, àti iye tí wọ́n ń gbà láti pààrọ̀ dongle tó bá bàjẹ́. Ẹ fi fọ́tò rìsíìtì yín sí i, nọ́ńbà ara dongle, àti nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lábẹ́ Help nínú sọ́fítíwíà náà.