Lẹ́tà Dé, Fáìlì Ò Dé

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Òmù-Àrán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí a wà kì í jẹ́ kí ojú ìwé ímeèlì ṣí tán, ni ọmọ kan tó ń kàwé ní Ìlọrin bá fi Linux, tí wọ́n ń lò dípò Windows, sí kọ̀ǹpútà àlòkù wa, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè máa fi àṣẹ rán lẹ́tà láti inú fèrèsé dúdú. Mo kọ `mail -s "Isiro osu" -a isiro.pdf`, mo fi àdírẹ́sì alága sí i. Lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ìwé ìṣirò nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rán an. Alága ti ń fi ojú mìíràn wò mí. Kí ni mo ṣì ṣe?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹ́ kí wọ́n fura sí òun lé lórí.

Ẹ lọ sí Ọjà Ọba ní Ìlọrin níbí, kí ẹ pe “Álífà!” Ẹ wo iye èèyàn tó máa yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni `mail` ṣe rí. Ó ju ètò kan lọ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ìwà wọn ò sì bára mu. Èyí tó ń jẹ́ s-nail, `-a` ló fi ń so fáìlì mọ́ lẹ́tà. Ti GNU Mailutils, `-A` ńlá ni. `-a` kékeré tirẹ̀ wà fún ìlà tí a bá fẹ́ fi kún orí lẹ́tà. Orí lẹ́tà náà ni `-a` ti bsd-mailx wà fún, ìyẹn ò tiẹ̀ mọ fáìlì-síso rárá. Kí ẹ lè mọ èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ tẹ:

readlink -f /usr/bin/mail

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ fi `mutt`, ètò ìrán-lẹ́tà mìíràn, sí i, kí ẹ sinmi:

mutt -s "Isiro osu" -a isiro.pdf -b akowe@example.com -- alaga@example.com < oro.txt

Inú oro.txt ni ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo àmì méjì `--` yẹn. `-a` ti mutt lè gba fáìlì púpọ̀ tẹ̀ léra wọn, àmì yẹn ló ń sọ fún un pé fáìlì ti tán. Bí kò bá sí níbẹ̀, àdírẹ́sì alága ló máa wá lọ bí ẹni ń wá fáìlì, á ní òun ò rí i. Àmì yìí ló mú mi jókòó di aago méjì òru ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Taiwo, nígbà tí oníbàárà kan ń retí ìwé rẹ̀ láàárọ̀. Bí àyè bá wà láàárín orúkọ fáìlì, ẹ fi àmì àyọlò yí i ká.

Ẹ tún wo ìwọ̀n ìwé náà, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ ya rìsíìtì sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni ímeèlì ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n gbé. Ní 1992 ni Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde, èyí tó ń sọ fáìlì di lẹ́tà A, B, D kó tó gbéra. Báìtì 3 máa ń di lẹ́tà 4. Fáìlì 21MB á wúwo tó 28MB lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ Gmail kì í jẹ́ kí ohun tí a bá fi í rán ju 25MB lọ. Ẹ fi `ls -lh isiro.pdf` wò ó kí ẹ tó rán an. Bó bá ti ju 18MB lọ, ẹ pín in sí méjì.

`-b` tí ẹ rí nínú àṣẹ yẹn, àdírẹ́sì ti yín ni kí ẹ fi síbẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tó bá lọ sọ́dọ̀ alága, ẹ̀dà rẹ̀ á wọlé tọ̀ yín wá pẹ̀lú fáìlì rẹ̀, láìjẹ́ pé alága rí i pé ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ara yín. Ẹ ṣí ẹ̀dà náà kí ẹ tó pè wọ́n, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ìpàdé.