Ẹ yé fi orúkọ ọjà ṣe ìṣirò lọ́ṣọ̀ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọlémọlé ni mò ń kọ́ ní ìṣirò níbí ní Kétu. Wọ́n ní ká máa fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká wọn kọ́ wọn. Mo fi ọjà Kétu àti owó sẹ́fà sínú ìbéèrè, síbẹ̀ oorun ni wọ́n ń sùn. Orí wọn ò gbà á. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri?

Ìdáhùn: Ẹ má ra nǹkan kan. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. "Ìyá kan ra ọsàn 12 lọ́jà Kétu": ẹ yọ Kétu, ẹ fi Sábẹ́ sí i, kí ló yí padà? Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń dúró de ìdáhùn yẹn. Aṣọ tuntun lẹ wọ̀ fún ìṣirò àtijọ́. Ohun tó ń jí ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ tó máa bàjẹ́ bí kò bá ṣírò ó.

Ẹ kó wọn jáde sí àgbàlá. Ẹ fún wọn ní okùn àti èèkàn, kí wọ́n fa ìlà ìpìlẹ̀ yàrá kan, kí igun rẹ̀ gún régé. Kí ẹ dákẹ́. Wọn á fojú wọ̀n ọ́n, wọn á jiyàn, á sì wọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wọn mítà 3 láti igun lórí ìlà kan, mítà 4 lórí ìkejì. Bí igun bá gún, mítà 5 gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi méjèèjì tí ẹ wọ̀n dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá mọlémọlé ló ń ṣe é, wọn kì í kàn sọ ìdí rẹ̀ ni. Ẹ wá padà sídìí pátákó: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àpapọ̀ wọn 25, bẹ́ẹ̀ 5 lọ́nà 5 náà nìyẹn. Òfin Pythagoras, ti onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan gún régé, lẹ kọ́ wọn yẹn.

Ẹ lè wá ṣírò bíríkì lẹ́yìn náà. Ògiri mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní gíga, bíríkì tójú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní gígùn, 20 ní gíga: bíríkì 150 ló máa gbà. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi 150 yìí ra bíríkì ilé yín o. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, símẹ́ńtì àárín àti èyí tó bá fọ́ á yí i padà.

Ọ̀rọ̀ "orí wọn ò gbà á" yẹn dùn mí. Ọmọ tó lè wo ògiri kó sọ ibi tó ti wọ́, orí rẹ̀ pé.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ síbi iṣẹ́ gidi, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ lásán po símẹ́ńtì. Símẹ́ńtì tí wọ́n ti fi omi pò máa ń jó awọ ara.