Èsì fún àbúrò mi ní Ọ̀yọ́: má fi ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́ gọ́ọ̀fù

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ lánàá. O ní ọmọ ọdún 26 ni ọ́, Ọ̀yọ́ lo ń gbé, o sì ti rí ẹni tó fẹ́ ta ọ̀pá gọ́ọ̀fù tokunbo fún ọ, ọ̀pá 14 nínú àpò kan. O bèèrè bóyá kí o kó gbogbo rẹ̀ tàbí kí o mú díẹ̀ níbẹ̀ ná. O wá fi kún un pé bí o bá ti rà á, orí pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé yín ni wàá ti máa gbá bọ́ọ̀lù 200 lójúmọ́, títí oyé á fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ohun tí èmi náà ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí nìyẹn, oṣù méje gbáko ni n kò fi lè di ọ̀pá mú.

Ìbàdàn ni mo ti mọ gọ́ọ̀fù. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi padà sílé, kò sí pápá tí mo lè yà sí nírọ̀lẹ́ mọ́. Láti ibí dé Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 100, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ojú ń rí lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Mo wá ní ibi tí mo wà náà ni n óò ti máa ṣe é. Mo rí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá ọ̀nà Ìlọrin, ọ̀gá ilé ìwé náà sì gbà fún mi. Oṣù kìíní ni. Ìdíje kan wà tí mo fẹ́ lọ ní oṣù kẹta. Bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, màá da bọ́ọ̀lù sílẹ̀, màá mú iron 7, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá olórí irin, màá sì máa kà á: 50, 100, 150. Bí kò bá pé 200, n kò ní lọ sílé. Mo rò pé iye bọ́ọ̀lù tí mo bá gbá ni iye ohun tí mo bá mọ̀.

Olùkọ́ kan wà tí mo sanwó fún nígbà yẹn. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ògbóǹtarìgì ni. Ó wò mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní, "Gbá a mọ́lẹ̀, má bẹ̀rù ilẹ̀." Kò bèèrè irú ilẹ̀ tí mo ń gbá. Kò yẹ ọ̀pá ọwọ́ mi wò. Inú ń bí mi sí i títí di òní, torí orí koríko tí wọ́n ń bomi rin lòun dúró sí tó ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá.

Ìwọ náà mọ ilẹ̀ wa yìí. Ní oṣù kẹfà, ọkọ́ á wọlé wọ̀ọ́. Ní oṣù kìíní, bí o bá sọ ọkọ́ sí i, ọkọ́ á ta padà, ọwọ́ rẹ á sì máa gbọ̀n rìrì títí dé apá. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù kò yàtọ̀ sí ọkọ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí o bá fi iron gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, bọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ bà, lẹ́yìn náà ni yóò bu ilẹ̀ díẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ tí koríko sì wà, ilẹ̀ á gba agbára náà mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá le, agbára náà á gun ọ̀pá bọ̀, á gba ọwọ́ kọjá, ibi tí iṣan tó ń ká ọrùn ọwọ́ ti so mọ́ eegun nínú ìgbọ̀nwọ́ ni yóò sì parí sí. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan. Ogún lè má ṣe nǹkan. Èmi gbá igba lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí kòkòrò bá ta ènìyàn níkùn ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, níhà tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ara. Mo fi róòbù pa á, mo tún padà sórí pápá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń jí mi lóru. Lọ́jọ́ kan mo gbé garawa omi, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò lè fún aṣọ. N kò lè yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ló ń bá mi ṣí ìdérí ike omi. Òkèlè àmàlà lásán, n kò lè gé e, ṣíbí ni mo fi ń jẹ ẹ́ torí n kò jẹ́ fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú àwọn ọmọ mi. Ọkùnrin tó ti pé ẹni ọdún 45 wá ń fi ṣíbí jẹ àmàlà nílé ara rẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan. Aago méje àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago kan ọ̀sán ni wọ́n pè mí. Ẹni tó wò mí kò fọwọ́ kan apá mi rárá, ìwé ló ń kọ. Mo sọ pé gọ́ọ̀fù ni mo gbá, kò gbé ojú sókè. Ó ní ọjọ́ orí ni, làkúrègbé ni, ó ní kí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ náà pa ìrora fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó dá mi lóró jù nìyẹn. Mo rò pé ara ti yá, mo padà sórí ilẹ̀ líle yẹn, mo tún gbá igba. Lọ́jọ́ kẹrin, apá náà kò gbé sókè mọ́. Bí ẹni yẹn bá ti sọ gbólóhùn kan péré, pé kí n sinmi, oṣù méjì ni ǹ bá fi sàn.

Ẹnì kan tún fà mí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wọ́ ara. Ó fi àdí gbígbóná tẹ ibi tó ń dùn mí títí omi fi bọ́ lójú mi, ó sì wú bí ẹ̀kọ. Mo bẹ̀ ọ́, bí irú rẹ̀ bá ṣe ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́.

Físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá wo iṣan àti eegun, ló tú mi sílẹ̀ níkẹyìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó di apá mi mú, ó ní kí n ká ọrùn ọwọ́ kí òun sì dá a dúró, ó sọ fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé iṣan ló ti fara ya. Ohun tó ní kí n ṣe kò náwó. Gbé apá lé orí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ọrùn ọwọ́ yọ sí etí tábìlì. Mú ike omi kékeré kan dání. Fi ọwọ́ kejì bá a gbé e sókè, kí o wá jẹ́ kí ọwọ́ tó ń dùn ọ́ nìkan sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o ka oókan dé aárùn-ún kó tó délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sinmi, tún un ṣe lọ́nà mẹ́ta, lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo tó rí ìyàtọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni mo tó gbá bọ́ọ̀lù padà, ogún péré, lórí koríko tútù. Ìdíje tí mo torí rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ ti kọjá tipẹ́.

Ọ̀pá tí mo rà náà dá kún un, ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ wà. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀pá ọ̀gá ni. Òótọ́ ni, ọ̀gá ló wà fún, ẹni tí apá rẹ̀ ń yára bí ìjì. Wo ara igi ọ̀pá, ìyẹn gígùn rẹ̀ láàárín ìdìmú àti orí: bí o bá rí lẹ́tà S, ó le, R ni ti àwa ènìyàn. Irin gidi ni tèmi, ó le, ó sì gùn jù fún mi. Ibi ìdìmú rẹ̀ ti gbẹ bí awọ bàtà àtijọ́, tó fi jẹ́ pé mo ní láti fún un pọ̀ kó má baà yọ̀, fífún yẹn gan-an ló tún ń dá iṣan lágara. Kí o tó sanwó, fi ọwọ́ òsì di ibi ìdìmú: kí orí ìka àárín méjèèjì fẹ́ẹ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bí wọ́n bá wọ inú rẹ̀, ó tín-ín-rín jù. Rọ́bà ìdìmú ṣeé pààrọ̀, kò wọ́n. Igi ọ̀pá ni kò ṣeé tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti iye rẹ̀, òfin gọ́ọ̀fù sọ pé o kò gbọdọ̀ gbé ju ọ̀pá 14 lọ, kò sọ pé o gbọdọ̀ gbé tó 14. Mú putter, ọ̀pá tí a fi ń rọra yí bọ́ọ̀lù sínú ihò, mú iron 7, mú wedge, ọ̀pá kúkúrú tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, èyí tí wọ́n kọ 56 sí. Kó ìyókù sílẹ̀ fún un. Bí ó bá ní òun kò tà á ní ẹyọ ẹyọ, wá ẹlòmíràn. Driver, ọ̀pá gígùn olórí ńlá, ni yóò fẹ́ fi tàn ọ́ jẹ torí ó ń dán, má wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí.

Ìdìmú, ìdúró, bí a ṣe ń yí èjìká, ìyẹn kò le, ẹni tó bá ti gbá a rí á fi hàn ọ́ ní ọjọ́ kan.

Putter ni kí o gbà mọ́ra ní ọ̀gbẹlẹ̀. Pápá tí wọ́n ṣírò pé ọ̀gá á fi ìgbá 72 parí, 36 nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣírò fún putter, méjì méjì ní ihò 18. Ìdajì eré nìyẹn, o sì lè ṣe é lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ rẹ láìgbá ilẹ̀ rárá. Ihò náà fẹ̀ tó mìlímítà 108, wá ife tí ẹnu rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, dà á dùbúlẹ̀, máa gbá bọ́ọ̀lù sí i. Bí òjò oṣù kẹrin bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, ìgbà yẹn ni kí o gbé iron jáde, 40 ti tó lọ́jọ́ kan, sinmi ọjọ́ kan láàárín. Bí o kò bá lè dúró de òjò, gbé bọ́ọ̀lù lé tee, igi kékeré tí a ń gún mọ́lẹ̀, kí ọ̀pá má baà kan ilẹ̀. Má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹkéré kí o ní ó rọ̀. Kò rọ̀. Mo ti dán an wò.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ńkọ́? Bọ́ọ̀lù náà kò tó gíráàmù 46, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan sáré yọ láti ẹ̀yìn igi káṣú bí mo ti ń gbá a lọ, bọ́ọ̀lù kọjá létí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, mo jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo rán bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀, mo fi wọ́n kọ́ sára igi máńgòrò, inú rẹ̀ ni mo ń gbá sí. Má fi ọwọ́ wá bọ́ọ̀lù nínú igbó pẹ̀lú, ọ̀pá ni kí o fi tú koríko, ejò fẹ́ràn ibẹ̀. Bí o bá sì gbọ́ àrá ní pápá gbalasa, fi ọ̀pá sílẹ̀ kí o wọ ilé tàbí mọ́tò, má sá sábẹ́ igi.

Ìgbà tí o bá máa lọ gbá eré tòótọ́, Ìbàdàn ló sún mọ́ ọ jù. Pápá wà ní Oníréke, òmíràn wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Pè wọ́n ṣáájú kí o tó wọkọ̀, kí o bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba àlejò. Wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là. Ní pápá kan tí n kò ní dárúkọ, akọ̀wé dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ẹ̀wù ọlọ́rùn róbótó, lẹ́yìn tí mo ti jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ó tún ní kí n mú ìwé handicap wá, nọ́ńbà tó ń fi bí ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó hàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tuntun ni mí, ibo ni kí n ti rí i? Ètò tí wọ́n ń lò láti 2020 gba ẹni tuntun títí dé 54, ó yẹ kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì ràn mí lọ́wọ́ láti gbà á.

Bí bọ́ọ̀lù rẹ bá fò wọgbó, kéde "provisional", ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wàá lò bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù, kí o sì gbá òmíràn kí o tó rìn lọ wá ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún ọ láti wá a, láti 2019, márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. N kò kéde rẹ̀ ní eré mi àkọ́kọ́, mo ní láti rìn padà lọ síbi tí mo ti gbá a nígbà tí àwọn mẹ́rin dúró lẹ́yìn wa. Bí o bá sì débi tí wọ́n ń lo brown, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo yí ihò ká dípò koríko, jẹ́ kí kádì, ẹni tó ń bá ọ gbé àpò ọ̀pá, fà á kó tẹ́jú kí o tó fi putter gbá a.

Bí ẹni tó ń ta ọ̀pá náà bá gbà láti ta mẹ́ta, ya àwòrán ara igi iron 7 níbi tí lẹ́tà wà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Tí ìgbọ̀nwọ́ bá ti ń ta ọ́ díẹ̀díẹ̀ báyìí, sọ fún mi pẹ̀lú, kí o sì gbé ọ̀pá sílẹ̀ lónìí.