Búlọ́ọ̀kù tó já fọ́ fíríísà: ta ni yóò san án?
Àǹtí wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní búlọ́ọ̀kù já láti ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Múṣin, ó fọ́ fíríísà yín, ọlọ́pàá sì ní kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ṣé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Kò parí rárá. Àìbìkítà nìkan tó kí òfin ní kí èèyàn san owó ohun tó bàjẹ́.

Láti 1932, nínú ẹjọ́ obìnrin tó ní òun bá ìgbín nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́: ẹni tí ìwà rẹ lè pa lára, ṣọ́ra fún un. Àwọn ilé ẹjọ́ wa náà ń lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti fíríísà yẹn dànù! Ohun tó kó bá wa nìyẹn l'Ébúté-Mẹ́ta nígbà tí pákó já lu páànù wa. Màmá mi gbá gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí kọngílá sẹ́, a ò rí nǹkan fi hàn. Ẹ ya fọ́tò, ẹ wá rìsíìtì, ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó ṣojú ẹ̀. Kọngílá ò sì gbọdọ̀ ti ẹ̀bi sórí lébìrà: ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún un ló máa dáhùn.

Kí ẹ tó wá lọ́yà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó ń jà parí aáwọ̀. Ọ̀fẹ́ ni.